Ẹni Tó Lò Ó Tẹ́lẹ̀

"Ìyàwó, dúró jẹ́ẹ́," ni aránṣọ wí. Ó ń wọn ọmọbìnrin náà fún aṣọ ìgbéyàwó, àmọ́ ojú ìyẹn ò kúrò níta.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ wo ọkọ̀ ọkọ mi! Irin lòrùlé ẹ̀, tó bá ti tẹ bọ́tìnnì báyìí, á ká sẹ́yìn."

Aránṣọ yọjú lójú fèrèsé. Ọkọ̀ asáré pupa kan ló rí, ó rẹlẹ̀ bí ọ̀pọ̀lọ́, ìjókòó méjì péré. Ẹni tó wà nínú ẹ̀ ti kun irùngbọ̀n ní dúdú, ó gbé ìgbọ̀nwọ́ síta bí ọmọ ogún ọdún. Àgbààyà. Aránṣọ yínmú.

Bí ojú wọn ṣe ṣe mẹ́rin, ọkùnrin náà sáré tẹ bọ́tìnnì kí òrùlé lè bò ó. Òrùlé gbéra, ó ké, ó sì há sí agbede-méjì. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Kò mì.

"Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn," ni ìyàwó wí. "Àlòkù ni. Ẹni tó lò ó tẹ́lẹ̀ ò tọ́jú ẹ̀ rárá."

Aránṣọ rọra ká téèpù mọ́ ìka.

"Mo tọ́jú ẹ̀ o," ó ní. "Ọdún mọ́kànlá. Ọmọ mẹ́ta."