Ìgbín Ò Kúrò Lẹ́nu Ọ̀nà Erin

Àlọ́ mi wọ́ wá, ó lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn Erin.

Iná ń jó igbó bọ̀. Àwọn ará ìlú rán Ìgbín wá jíṣẹ́: "Bàbá, ẹ wá ro ààlà kí iná má baà wọ̀lú."

"Mo ti gbọ́. Máa lọ." Erin tún sùn.

"Gbígbọ́ kọ́. 'Ó parí' ni wọ́n ní kí n gbà bọ̀." Ìgbín lẹ̀ típẹ́, ó ń kọrin:

Erin, ṣé ẹ ti ṣe é?
*Ó dọwọ́ yín!*

Erin gbẹ́sẹ̀ sókè: "Màá tẹ̀ ọ́ pa!"

"Ẹ tẹ̀ mí. Ẹni tó tò sẹ́yìn mi á gbé iṣẹ́ náà."

Erin yọjú. Àwọn ìgbín mìíràn tò dé odò, gbogbo wọn ń gberin. Ni Erin bá ro ààlà, iná kú síbẹ̀.

"Ó parí o!" ló fìbínú ké.

Ìgbà yẹn ni Ìgbín já kúrò lára ilẹ̀kùn.