Ọkàn Wa Ti Balẹ̀, Sà

Aránṣọ mẹ́rìnlá nà gbalaja sílẹ̀, wọ́n dijú.

"Ẹ mí sínú," ni Ìyá Bọ́tìnnì wí, àgbà inú wọn. "Ẹ rọra mí síta."

Ọ̀gá ń pariwo lórí wọn. "Mo ní ẹ dìde! Ṣé ibi tí wọ́n ń sùn rèé?"

Kò sẹ́ni tó mira.

Ìyá Bọ́tìnnì la ojú kan.

"Ọ̀gá, ẹ̀yin náà lẹ gba olùkọ́ yóògà wá lọ́jọ́ tí ẹ ní ẹ fẹ́ ti ilé iṣẹ́ yìí pa. Ẹ ní ká máa mí, ká má bínú, pé ọkàn wa á balẹ̀."

"Kì í ṣe níbí!"

"Ọkàn wa ti balẹ̀, sà. Pátápátá." Ó tún dijú. "Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ jẹ́ kí ìdí yín wúwo bí ọlọ."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu ẹnì kan. Ilẹ̀ ń gbọ̀n lábẹ́ ẹ̀yìn wọn. Ooru ń fẹ́ sí wọn lórí.

Wọ́n ṣáà ń mí.

Lójijì, gbogbo ibẹ̀ dákẹ́ rọ́rọ́.

Awakọ̀ ti pa ọkọ̀ akẹ́rù. Táyà rẹ̀ ò ju ìgbọ̀nwọ́ kan lọ sí orí Ìyá Bọ́tìnnì, lẹ́nu géètì tí Ọ̀gá fẹ́ kó gbogbo ẹ̀rọ ìránṣọ wọn gbà jáde lọ tà.

Awakọ̀ sọ̀ kalẹ̀. Ó bọ́ bàtà.

"Ẹ̀yin ìyá mi," ó ní, "ẹ sún fún mi díẹ̀, kí èmi náà ríbi nà sí."