Ẹni Tó Dé Kẹ́yìn

Ilẹ̀ ti ṣú kí Jọláadé tó rí àṣìṣe ara rẹ̀. Ó ti ṣe ẹ̀dà ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ àwọn aláìsàn ilé ìwòsàn náà, ó sì gbàgbé láti yí nọ́ńbà ìdánimọ̀ ẹ̀dà náà padà. Ẹ̀rọ méjì wá ń jẹ́ ọ̀kan. Bí ìkejì bá sì ti wọlé, ọ̀gá ẹ̀rọ tó ń darí gbogbo wọn a lé àkọ́kọ́ dànù, bó ti wù kó pẹ́ níbẹ̀ tó.

"Ẹni tó dé kẹ́yìn ló nilé," ó sọ, ó rẹ́rìn-ín, ó sì pa ti àtijọ́ rẹ́ pátápátá.

Fóònù tó so ọ́fíìsì rẹ̀ mọ́ ẹnu géètì dún. Bàbá Akínkúnmi tó ń ṣọ́nà ni.

"Madam, ẹ gbàgbé agboòrùn yín sọ́dọ̀ mi bí ẹ ṣe ń wọlé."

"Èmi tí mo ti wà níbí láti àárọ̀?"

"Ẹ̀yin náà kọ́ lẹ fi káàdì yín ṣílẹ̀kùn báyìí, tí ẹ tún kí mi?"

Ẹsẹ̀ ń bọ̀ lórí àtẹ̀gùn, ti òsì ń wọ́ nílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Jọláadé wo ẹsẹ̀ òsì tirẹ̀ tí ọ̀kadà ṣẹ́ níjẹlòó. Ó sáré fi káàdì rẹ̀ kan ilẹ̀kùn kó lè jáde. Iná pupa ló tàn. Ó tún fi kàn án. Pupa náà ni.

Ó gbọ́ ohùn ara rẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn, tó ń fi fóònù bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀.

"Mo ń bọ̀ nílé, Àjíkẹ́ mi. Ó ku ẹyọ kan tí mo fẹ́ pa rẹ́."

Iná ilẹ̀kùn sì yí sí àwọ̀ ewé.