Àpò Ọsàn Kan

Alága bó ọsàn kan, ó sì tì í sí iwájú Dahye.

"Jẹ ẹ́, ọmọ mi."

Ìwádìí Dahye dá lórí àwọn ọkùnrin tó ń fẹ́ ọkùnrin, tí wọ́n lù pa nínú ilé baba wọn.

Gbogbo àjọ mìíràn ní Seoul ti kọ̀ láti fún un lówó. Eléyìí nìkan ló kù, èyí tí alága dá sílẹ̀ ní ìrántí Seonu, ọmọ rẹ̀ tó ní àwọn jàǹdùkú pa lójú pópó.

"Sọ ìtàn àkọ́kọ́ inú ìwé rẹ fún mi."

Dahye ò gbé ohùn sókè.

"Baba fi ọ̀pá gọ́ọ̀fù gbá ọmọ lórúnkún. Ó gbá a lẹ́nu, eyín fọ́n ká ilẹ̀. Ó wá kọjú sí orí, kò sì dáwọ́ dúró títí ọ̀pá náà fi tẹ̀."

"Ẹranko!" Omijé bọ́ lójú alága. "Ṣé wọn ò ní aládùúgbò ni?"

"Ọmọbìnrin tó ń gbé ní ìsàlẹ̀ ilé wọn gòkè wá kan ilẹ̀kùn, Mà, ó ní ariwo pọ̀. Ìyá ọmọ náà yọjú, ó rẹ́rìn-ín, ó ní àwọn ń tún ilé ṣe. Ó fún un ní àpò ọsàn kan, kó má bínú."

Ọwọ́ alága dúró lórí èèpo.

"Ọmọbìnrin yẹn... ó gbà á?"

"Ó gbà á, Mà. Ó ń jẹ ẹ́ lọ́wọ́ nígbà tí ariwo dákẹ́."

Dahye ti ọsàn náà padà.

"Tòní, mi ò gbà á, Ìyá Seonu."