Ọ̀gá Mi Mọ Jaisalmer Dáadáa

A yà sí Jaisalmer lójú ọ̀nà.

Ọ̀gá mi, Ọ̀gbẹ́ni Lodha, sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò tí mò ń wà fún un, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ mi nípa ìlú náà.

"Bhanwar, àwọn ará aṣálẹ̀ yìí kì í rìnrìn àjò. Iyanrìn nìkan ni wọ́n mọ̀."

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Ìyá arúgbó kan yọ lẹ́nu ọ̀nà ilé òkúta kan.

"Sọ fún ìyá yẹn kó dúró jẹ́ẹ́, kí n yà á ní fọ́tò."

Ìyá ò tiẹ̀ wò ó. Èmi ló ń wò.

"Bhanwar ọmọ mi, ọdún mẹ́ta rèé. Ṣé ọ̀gá ẹ ti wá gbà kó o wálé?"

Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo fọwọ́ kan ẹsẹ̀ rẹ̀ láti kí i.

"Rárá, Ìyá mi. Fọ́tò la dúró yà."