Igi Ápíríkọ́ọ̀tì Bàbá Murray

Àléébù kan ṣoṣo ni Murray Dunnett ní: ó gbà pé iṣẹ́ ojo ni ìmúrasílẹ̀. Ní gbogbo ọ̀nà mìíràn, èèyàn dáadáa ni. Ó lójú àánú, kì í sì í ṣe ọ̀lẹ nínú oko èso bàbá rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí o bá ní kó mú ẹ̀wù òtútù dání, yóò fi ọ́ rẹ́rìn-ín títí omi yóò fi bọ́ lójú rẹ̀.

Ní ìlú wa, Naseby níhìn-ín, nínú oṣù keje tí òtútù máa ń mú gan-an, àwọn oní-alùpùpù máa ń gun òkè lọ pàgọ́. Igi kò sí lókè yẹn, nítorí náà olúkúlùkù á di igi ìdáná kan mọ́ ẹ̀yìn máṣíìnì rẹ̀ láti ilé. Wọ́n á kó gbogbo rẹ̀ jọ, wọ́n á dá iná kan ṣoṣo. Igi ẹnì kan tí wọ́n bá yàn ni wọ́n á fi bẹ̀rẹ̀ iná náà. Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, Murray ni wọ́n yàn, nítorí bàbá rẹ̀ tó dá àṣà náà sílẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú. Igi eléso kan tí à ń pè ní ápíríkọ́ọ̀tì, tí bàbá náà fọwọ́ ara rẹ̀ gbìn sí oko, ni Murray gé. Iná yẹn ni yóò fi dágbére fún bàbá rẹ̀, gbogbo wa la sì mọ̀.

Àwa obìnrin ìjọ máa ń se ọbẹ̀ ẹran àgùntàn fún wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì kí wọ́n tó gbéra. Àǹtí Rewa, opó tó ti ń da àgùntàn lórí àwọn òkè wọ̀nyẹn láti kékeré, tí òun náà ń gun alùpùpù bá wọn lọ, ń wọṣọ lọ́wọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná. Ó ti fi ìwé ìròyìn tẹ́ àyà lábẹ́ ẹ̀wù, ó sì ń fa ọ̀rá búrẹ́dì bo ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀.

Murray wọlé, ó pariwo: "Ẹ gbà mí o! Àǹtí, ṣé búrẹ́dì lẹ fẹ́ tà lókè ni, àbí ìwé ìròyìn?"

"Méjèèjì ni. Èwo ni kí n dì fún ẹ?" ni Àǹtí Rewa dáhùn. "Wá ńbí, jẹ́ kí n rí ọwọ́ ẹ. Murray! Ìbọ̀wọ́ ìgbà ooru mà lèyí! Táyà ẹ náà ńkọ́? Mo rí i níta, ó ti dán bí àwo."

"Ẹ̀jẹ̀ mi gbóná, Àǹtí. Kí ẹ tó wọ aṣọ kẹẹ̀ẹ́dógún yín tán, iná mi á ti máa jó."

Lorna ìyàwó rẹ̀ na ìbọ̀wọ́ nínípọn kan sí i. "Mú ti Bàbá dání, jọ̀ọ́."

"Gbé e sílé jàre. Ṣé mo jọ arúgbó ni?"

Ó gbéra nígbà tí àwọn yòókù ṣì ń jẹun.

Kò pẹ́ tí atẹ́gùn fi bẹ̀rẹ̀ sí í gba inú ẹ̀wù rẹ̀ kọjá. Ìka rẹ̀ kọ́kọ́ ń ta á, nígbà tó yá kò mọ̀ ọ́n lára mọ́. Inú rẹ̀ dùn, ó rò pé òtútù náà ti mọ́ òun lára. Àfi bó ṣe dé afárá kan tí oòrùn kì í dé nígbà òtútù. Yìnyín bo ojú ọ̀nà, ó rí i kedere. Ó fẹ́ rọra tẹ bíréèkì, ìka rẹ̀ kò gbọ́. Ó wá fi gbogbo agbára fún un lẹ́ẹ̀kan náà. Táyà yọ̀, máṣíìnì sì gbé e sọ sínú kòtò.

Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kán. Ó rọ́jú fa páálí ìṣáná yọ lápò, ṣùgbọ́n kò lè fi ìka mú ẹyọ kan. Gbogbo rẹ̀ dà sínú omi tó wà nísàlẹ̀ kòtò náà. Ara rẹ̀ ń gbọ̀n, oorun sì ti ń kùn ún. Ìgbà náà ló ké pe Ọlọ́run.

Àǹtí Rewa ló kọ́kọ́ dé. Kò bá a wí rárá. Ó ki ọwọ́ Murray méjèèjì sí abíyá ara rẹ̀, ó gbá a mọ́ra. Nígbà tó ṣe, ó fa ìwé ìròyìn yọ láyà, ó sì ń tú okùn igi ápíríkọ́ọ̀tì lẹ́yìn máṣíìnì Murray láti fi dáná.

"Ẹ má fi í dáná, Àǹtí," ni Murray ń sunkún. "Ti Bàbá ni."

"Èwo ni bàbá ẹ máa yàn nínú igi àti ọmọ?"

Ó ṣáná sí i.

Bẹ́ẹ̀ ni igi tó yẹ kó jó níwájú gbogbo ọ̀rẹ́ bàbá Murray ṣe jó nínú kòtò, tí Murray fojú ara rẹ̀ wò ó. Lẹ́yìn tí ọkọ̀ ilé ìwòsàn gbé e lọ, Àǹtí Rewa fi yìnyín pa iná ara ìdí igi tó ṣẹ́ kù, ó dì í mọ́ ẹ̀yìn máṣíìnì tirẹ̀, ó sì gbé e gòkè. Igi ẹlòmíràn ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ iná lọ́dún náà, Àǹtí Rewa sì ju kùkùté dúdú náà sí i. Títí dòní, ìka Murray méjì kì í mọ̀ bóyá ohun tó dì mú gbóná tàbí ó tutù.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì ni mo ti rí Murray. Ó wọ ìbọ̀wọ́ bàbá rẹ̀. Ó ń wo táyà, ó ń ní kí olúkúlùkù na ọwọ́. Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín.

"Mo mọ ẹ̀rín yẹn," ni Murray sọ. "Èmi ni mo ni ín tẹ́lẹ̀. Wọlé, lọ fi ìwé ìròyìn sáyà."

Ẹ jẹ́ kí á fi èyí kọ́gbọ́n. Ọlọ́run tó dá òtútù ló fún wa ní làákàyè tí a ó fi bo ara. Ẹ yẹ táyà àti bíréèkì wò, ẹ bo ọwọ́ àti àyà kí ẹ tó gun máṣíìnì, ẹ má sì ka ìkìlọ̀ ẹni tó mọ ọ̀nà sí ọ̀rọ̀ ẹ̀rù. Ohun iyebíye yòówù tí a dì mọ́ ẹ̀yìn, kò lè débi tó ń lọ bí ẹni tó gbé e kò bá débẹ̀.