Apá Ọ̀tún Káàdì Ìgbéyàwó

Ẹ má fo ìlà kan. Ẹ bá mi ka ìtàn yìí dé ìparí.

1.
Ọ̀sán ọjọ́ kan ni, ọjọ́ lásán. Ìyá jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó ń bó ọsàn. Ọmọ rẹ̀ obìnrin jókòó ti kọ̀ǹpútà, ó ń to ọ̀rọ̀ káàdì ìgbéyàwó ara rẹ̀. Iṣẹ́ tó ń ṣe níléeṣẹ́ ìtẹ̀wé kan nìyẹn. Fínnífínní ni wọ́n ń pè é níbẹ̀.

"Ṣé orúkọ mi ti wà níbẹ̀?"

"Ó ti wà níbẹ̀, Màmá."

"Tẹ̀ ẹ́ jáde kí n rí i. Mi ò rí orúkọ mi lára káàdì kankan rí, àfi ti ọsibítù."

Wọ́n jọ rẹ́rìn-ín. Àìsàn tó ń ṣe ìyá kì í ṣe àwàdà, àwọn méjèèjì sì mọ̀.

2.
Kò tẹ̀ ẹ́. Orúkọ àwọn òbí ọkọ wà lápá òsì, ó gùn, oyè kún inú rẹ̀. Orúkọ ìyá rẹ̀, tó dá a tọ́, nìkan ló wà lápá ọ̀tún, ó kúrú. Apá kan wúwo ju èkejì lọ. Ó fẹ lẹ́tà, kò wù ú. Ó sún un sókè, ó tún sún un sísàlẹ̀.

Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́: "Fínnífínní, ṣé káàdì lò ń ṣe ni, àbí ààfin lò ń kọ́?"

Ojú wọn gan-an ló ń rò. Kò fẹ́ kí wọ́n rí àléébù kankan lára tirẹ̀.

Nígbà tó yá, ìyá ò lè dìde mọ́.

"Ọmọ mi, bó ṣe wà yẹn ti tó mi."

"Ẹ fara balẹ̀, Màmá. Ẹ ò mọ iṣẹ́ yìí."

"Lóòótọ́, mi ò mọ̀ ọ́n. Orúkọ mi ni mo mọ̀."

3.
Ọmọ wà lẹ́nu iṣẹ́, ó ń wá irú lẹ́tà mìíràn, nígbà tí ìyá kú.

Lẹ́yìn ìsìnkú, ó ṣí káàdì náà, ó fi "Olóògbé" síwájú orúkọ ìyá rẹ̀. Ìlà náà gùn sí i. Apá méjèèjì wá dọ́gba, rẹ́gí.

Ọ̀gá rẹ̀ ń kọjá lọ. Kò kà á, bó ṣe rí ló kàn wò. "Áà! Èyí ti dára wàyí. Kí lo fi kún un?"

Ó fi ìka tọ́ka sí "Olóògbé".

Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń ka èyí, ohun tí ẹni yín bá ń bẹ̀ yín pé òun fẹ́ rí, ẹ jẹ́ kó rí i bó ṣe wà. Ẹ má torí ojú ẹlẹgbẹ́ fi ìdùnnú kékeré du òbí yín. Ọjọ́ a kú là ń dère, èèyàn ò sunwọ̀n láàyè.

Wọ́n ti tẹ káàdì náà báyìí. Páálí rẹ̀ wà lórí bẹ́ẹ̀dì ìyá, torí ibẹ̀ nìkan ló ṣófo nínú ilé.